Ta ló tọ́ nínú wọn lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí? Ìjà ti bẹ́ nínú WhatsApp ẹbí wa o

Ọmọ Ìjẹ̀dé

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Láti Sátidé ni kò ti sí àlàáfíà nínú WhatsApp ẹbí wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò ni, èmi gan-an ni mo sì dá a sílẹ̀. Omi wọlé wa ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀dé níbí bó ṣe máa ń wọlé, màmá mi sì ní àṣà kan, tí omi bá ti fà tán wọ́n á mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á fa ìlà sára ògiri pálọ̀ níbi tó dé, wọ́n á kọ ọdún sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tọdún yìí ti kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo jù ú sí WhatsApp pé ẹ wo nǹkan tójú ń rí.

Kí n tó fi fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Texas ti fèsì pé kí n má bá wọn gba irọ́ climate change (ìyípadà ojú ọjọ́) yẹn gbọ́, pé ọgbọ́n tí àwọn olóṣèlú fi ń gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni, pé òjò ti ń rọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá wa. Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Jámánì náà bọ́ síta, ó ní irú àwọn ẹ̀gbọ́n yìí ló ń ba ayé jẹ́, pé gbogbo kànga epo ló yẹ kí wọ́n dí pa, ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ti Nàìjíríà. Bàbá wa wá fi voice note oníṣẹ́jú mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ti jẹ ẹran yó tán ló ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé ẹran ò dáa fún ara. Ẹ̀gbọ́n bínú jáde kúrò nínú group. Màmá mi fọwọ́ lérán, wọ́n ní torí fọ́tò ògiri! Àná ni wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ padà.

Nǹkan tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ló gbé òṣèlú dé ìdí òjò? Báwo ni ẹgbẹ́ téèyàn ń dìbò fún ṣe máa pinnu bóyá ó gbà pé ayé ń gbóná àbí kò gbà? Àwa ńkọ́, apá wo la wà? Nígbà ìpolongo ìbò, ẹnì kan tó ń du ipò wá sí àdúgbò wa, mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ omi yìí, ó ní "climate change ni", ó gbé fìlà ẹ̀ wọ̀ dáadáa, ó bọ́ sínú jíìpù. Bí ẹni pé orúkọ Ọlọ́run ló pè. Láti orí òrùlé wa mo ń rí òpó gogoro ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn, gáàsì ni wọ́n ń jó níbẹ̀ tí wọ́n fi ń pèsè iná, torí náà mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí mi. Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là á yé mi, ẹ má bú ẹnikẹ́ni.

Tíṣà Gíọ́gíráfì

Ọmọ Ìjẹ̀dé, kú ilé o, kí o kí màmá fún mi, ìlà ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń fà yẹn, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì gidi ni wọ́n ń ṣe láìmọ̀. Mo kọ́ ọmọ ní jíọ́gíráfì ní Ìkòròdú yìí pẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ìbéèrè méjì lo dì pọ̀ mọ́ra. Èyí tó jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì ò gùn. Epo, gáàsì, èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n bá ti jó o, èéfín tí kò ṣeé rí máa ń jáde lára ẹ̀ tó máa ń há ooru mọ́ ayé, bí ìgbà téèyàn fi kúbùsù bora lọ́sàn-án gangan. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá, téèyàn bá pín afẹ́fẹ́ sí mílíọ̀nù kan, bíi 280 nínú ẹ̀ ni carbon dioxide, ó ti lé ní 420 báyìí. Ọdún 2024 ló gbóná jù látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé, ó fi nǹkan bíi dígírì kan ààbọ̀ ju ti ayé àtijọ́ lọ. Ìyẹn ò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Òṣèlú wọlé nígbà tí wọ́n bèèrè pé kí la máa wá ṣe sí i, ta ló sì máa sanwó.

Nípa ẹ̀gbọ́n rẹ, má jẹ́ kó sọ fún ẹ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Republican tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jọ tiwọn ṣe wà látilẹ̀. Nixon tó dá iléeṣẹ́ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1970, Republican ni. Bush bàbá tó fọwọ́ sí àdéhùn ojú ọjọ́ ti Rio ní 1992, Republican ni. Ní ìlú ọba, Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà, obìnrin tí àwọn apá òsì (àwọn tó máa ń gbèjà òṣìṣẹ́ àti tálákà) ò lè rí sójú, òun ló dìde ní United Nations ní 1989 tó ń kìlọ̀ pé èéfín ń ba ayé jẹ́, kẹ́mísírì ló kà ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó máa fi èdè òyìnbó dẹ́rù bà á lórí ọ̀rọ̀ gáàsì. Ẹ wá wo apá kejì: nígbà tí àdéhùn Kyoto, tó fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó dín èéfín wọn kù, ń bọ̀ ní 1997, ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà dìbò pé àwọn ò ní gba àdéhùn tó bá dá China àti India sí tó sì máa pa ọrọ̀ ajé àwọn lára, 95 sí òdo! Democrat, ẹgbẹ́ kejì, wà nínú wọn, ẹyọ ẹnì kan ò dìbò lòdì sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni nǹkan wá ń pín sí méjì díẹ̀díẹ̀. Bush ọmọ kọ Kyoto sílẹ̀ ní 2001. Obama wọ àdéhùn ojú ọjọ́ ti Paris ní 2016, Trump ní òun ń jáde ní 2017, Biden padà wọlé ní 2021, Trump tún fọwọ́ sí ìwé ìjáde ní January 2025. Kọ̀ndọ́ dánfó ní Gáréèjì Ìkòròdú ò fò wọlé fò jáde tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé "rárá" yẹn gan-an, ohùn wọn ò dọ́gba. Díẹ̀ ló ṣì ń sọ pé ayé ò gbóná. Àwọn kan ní ó gbóná ṣùgbọ́n oòrùn ló fà á. Èyí tó pọ̀ jù tí mò ń gbọ́ ni àwọn tó ní òótọ́ ni, àmọ́ owó oògùn ẹ̀ pọ̀ ju àìsàn lọ. Apá àwọn tó ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" náà, ìjà ń bẹ láàárín wọn. Ẹ wo Jámánì tí àbúrò rẹ wà, wọ́n ti iléeṣẹ́ iná núkílíà mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ wọn pa ní April 2023, torí àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé (Green) ibẹ̀, tó ń jà fún àyíká, ò fẹ́ràn núkílíà láti ọjọ́ pípẹ́. Faransé tó jẹ́ pé ẹnu ààlà ló pín wọn níyà, núkílíà náà ló ń fún wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Àwọn méjèèjì ní ojú ọjọ́ làwọn ń gbèjà.

Faransé yìí kan náà, ní November 2018, ìjọba fẹ́ fi owó orí kún owó epo kí àwọn èèyàn lè dín bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò kù. Àwọn ará oko tí kò sí bọ́ọ̀sì ní abúlé wọn, tó jẹ́ mọ́tò ni wọ́n ń gbé lọ ibiṣẹ́, wọ́n wọ ẹ̀wù pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń tọ́jú sínú mọ́tò, wọ́n dí títì pa, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ìjọba fa owó náà wọlé. Èmi rántí January 2012 tiwa nígbà tí mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Epo kúrò ní 65 náírà ó di 141 lọ́jọ́ ọdún tuntun, gbogbo ìlú jáde, ó padà di 97. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí ìyẹn. Lọ́dọ̀ òyìnbó, apá òsì ló fẹ́ kí epo wọ́n. Níbí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tó jẹ́ pé òun ló sún mọ́ apá òsì jù nínú gbogbo nǹkan tá a ní, òun ló kó wa jáde kí epo má baà wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, kò sẹ́ni tó fẹnu kan ojú ọjọ́ nínú ẹ̀, ó jẹ́ pé owó ìjọba ló tán. Torí náà tí o bá ń wá apá òsì àti apá ọ̀tún tiwa, má lo máàpù tiwọn.

Má Tàn Wá

Tíṣà ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n òyìnbó lòyìnbó ń jẹ́ o. Àwọn tó kó wa lẹ́rú láti Àgbádárìgì, àwọn náà ló ń bẹ̀rù fún wa báyìí? Èmi gbà pé ooru ń mú, mi ò fọ́jú. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí wọ́n wá sọ fún mi pé kí n pa jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń gé irun oníbàárà.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni.

Ẹja ni mo ń yan, ọjà Olúwo ni mò ń tà á. Àwọn kan wá bá wa ní ààrò, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ̀wà, wọ́n ní èéfín igi tá a fi ń yan ẹja ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, pé gáàsì ló dáa. Mo ní ẹ kú oríire, ẹ wá jókòó. Mo fà wọ́n sún mọ́ ààrò. Mo ní ẹ wo ṣawá yìí, tí iná bá pọ̀ jù, awọ ẹ̀ á bẹ́, inú á sì tutù síbẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ìdin á yọ, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tó bá ṣì rọ̀, kò tíì jiná, mo máa yí i padà. Igi ni mo mọ̀ tó máa ń jó bẹ́ẹ̀ yẹn, jẹ́jẹ́, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Tí mo bá wá ní kí n fi gáàsì ṣe é, kílò kan ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà, ta ló máa ra ẹja mi ní iye tó máa jẹ́? Ọmọdékùnrin kan nínú wọn ojú ẹ̀ ń ṣomi, mo ní kó má sunkún, èéfín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò lé wọn o. Ojú tèmi náà ti ń ṣú, dókítà sọ pé èéfín ni, ẹni tó bá gbé ààrò tí kì í rú èéfín wá lọ́fẹ̀ẹ́, màá gbà á lónìí.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní gan-an ni ti ọkọ mi. Inú ọ̀sà ló ń lọ. Ewéko tó ń bo orí omi yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, tó ní òdòdó bíi àlùkò, ìgbà òjò ló máa ń dé tí omi odò bá pọ̀ nínú ọ̀sà, tí ọyẹ́ bá ti mú tí omi iyọ̀ wọlé látinú òkun, ewéko á kú, ọ̀sà á mọ́. Àwọn apẹja fi ń ka oṣù ni. Ọkọ mi ní kò bá òun lọ́ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ní nígbà míì ó máa ń pẹ́ kó tó kú. Mo gbà pé ìyẹn lè jẹ́ ojú ọjọ́. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn lóru ńkọ́? Èmi ń gbọ́ ọ tí mo bá jí kírun. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ omi, ó jìn bíi kànga, ibi tí ẹja ń yé sí ti bàjẹ́, àwọ̀n ọkọ mi méjì ló ti lọ́ mọ́ páìpù wọn tó ya. A lọ fẹjọ́ sùn níbì kan, wọ́n ní ojú ọjọ́ ló lé ẹja lọ. Nǹkan tó dùn mí nìyẹn. Ojú ọjọ́ ò ní ẹnu, ẹni tó bá ṣe aburú á tì í sí i lọ́rùn.

Ẹ̀rọ Gáàsì

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ojú o, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi. Èmi wà nídìí iná mànàmáná, mi ò ní sọ iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀dé ní òun ń rí òpó Ẹ̀gbìn, ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà ńbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 220 mẹ́gáwáàtì, àròpọ̀ 1,320, gáàsì ni. Gbogbo iná tó ń wọ wáyà ní Nàìjíríà lójoojúmọ́ kì í sábà ju 5,000 mẹ́gáwáàtì lọ, fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. South Africa tí wọn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wa ń lo ohun tó lé ní 20,000, èédú inú ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀, èéfín tá a ń tú sáyé lọ́dún ò ju bíi 4 nínú 100 lọ. China nìkan ń tú bíi 30. Amẹ́ríkà ló tú èyí tó pọ̀ jù látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹni tó bá ní Nàìjíríà ò ní ìdúró lórí ọ̀rọ̀ yìí ò tẹ̀ lé e ni. Buhari lọ sí ìpàdé ojú ọjọ́ àgbáyé ní Glasgow ní November 2021, ó ṣèlérí pé tó bá máa fi di 2060, èéfín tá a ń tú ò ní ju èyí tá a ń mú kúrò lọ, oṣù yẹn kan náà ló fọwọ́ sí òfin ojú ọjọ́. Osinbajo tó jẹ́ igbákejì ẹ̀ sì ti kọ ọ́ lọ́dún yẹn náà pé kí àwọn òyìnbó má wulẹ̀ ti owó gáàsì pa mọ́ Áfíríkà, pé gáàsì ni afárá tá a máa gbà kọjá bọ́ sí sólà. Tinubu náà, nígbà ìpolongo ní October 2022, wọ́n bi í léèrè ojú ọjọ́, ó fi eku ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ ara Olúwa tí wọ́n fi májèlé sí ṣàpèjúwe, gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ eku kúrò níbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé tálákà ni wá, tí òyìnbó ò bá sanwó àwa náà ò ní tẹ̀ lé òfin wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdúró kan náà. Mi ò gbọ́ kí PDP tàbí Labour jáde sọ ohun tó yàtọ̀ gédégédé. Nípa báyìí, Ọmọ Ìjẹ̀dé, o ò lè fi ojú ọjọ́ mọ ẹgbẹ́ tó o máa dìbò fún níbí, torí ọ̀kan ni gbogbo wọn.

Èmi náà sì gbà wọ́n gbọ́ lórí ti gáàsì. World Bank kéde ní 2017 pé lẹ́yìn 2019 àwọn ò ní fowó sí wíwa epo àti gáàsì mọ́. Ìlú ọba náà ṣíwọ́ fífowó sí i ní òkè òkun ní March 2021. Ó dáa. Ọdún tó tẹ̀ lé e Russia wọ Ukraine, gáàsì wọ́n ní Europe, ẹ ó rí i, Jámánì tún àwọn iléeṣẹ́ èédú tí wọ́n ti tì ṣí, olórí ìjọba wọn fò lọ sí Senegal ní May 2022, ó ní òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ gáàsì! Ẹ sọ fún àbúrò wa ní Jámánì kó bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè. Bàbá yín tó sọ ọ̀rọ̀ ẹran yẹn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ̀rọ Gáàsì, afárá tí ẹ ń wí yìí, orí ta lẹ gbé e lé? Ìkòròdú ni mò ń gbé báyìí, Báyékù, ṣùgbọ́n Àyétòrò ni bàbá mi ti wá, Àyétòrò etí òkun Ìlàjẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí, inú òkun ló wà. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣe òwe o, tí omi bá fà wọ́n máa ń fọwọ́ júwe ibi tó wà, "ibẹ̀ yẹn, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn". Ibi ìsìnkú lọ, ilé ìwé lọ. Mo gbà pẹ̀lú màmá Ẹ̀pẹ́ pé kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan ló ṣe é, wíwa epo wà nínú ẹ̀, àìmọ odi sí etíkun wà nínú ẹ̀. Àmọ́ òkun ń ga, ìyẹn ò ṣeé jiyàn.

Ẹ wá ń sọ ti gáàsì. Ní 1979 ni wọ́n ti ṣòfin ní Nàìjíríà yìí pé kí àwọn iléeṣẹ́ epo má jó gáàsì dànù mọ́ tó bá ti di January 1984. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tún sọ ní 2005 pé jíjó o dànù yẹn lòdì sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Títí dòní iná yẹn ń jó. Tó bá jẹ́ afárá ni, kí ló dé tá a fi ń sun pákó ẹ̀ níná láti ogójì ọdún? Ogoni sọ̀rọ̀ yìí títí, wọ́n so Ken Saro-Wiwa tó ń ṣáájú wọn rọ̀ ní November 1995. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ pé ìdúró Nàìjíríà, ẹ rántí pé ìdúró Àbújá ni, àwọn tó ń mí èéfín náà sí ní ìdúró tiwọn, kò sì jọ ti àbúrò Jámánì, kò sì jọ ti ẹ̀gbọ́n Texas.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tèmi jù láyé ni àwọn erékùṣù kéékèèké inú òkun Pàsífíìkì. Vanuatu ló kó àwọn tó kù sẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ àgbáyé fi sọ ní July 2025 pé ojúṣe ni fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti dáàbò bo ojú ọjọ́, pé ẹni tó bá kùnà lè san gbà-má-bínú. Àwọn yẹn ò béèrè bóyá apá òsì ni wọ́n tàbí apá ọ̀tún, ilé wọn ló ń rì. Ẹ wo ìpàdé ojú ọjọ́ àgbáyé ní Baku ní 2024, àwọn orílẹ̀-èdè tí ò rí já jẹ ń béèrè tírílíọ̀nù dọ́là kan àti díẹ̀ lọ́dún, àwọn olówó ní àwọn á gbìyànjú dé 300 bílíọ̀nù tó bá fi di 2035. Aṣojú Nàìjíríà wà lára àwọn tó fìbínú sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n tí owó yẹn bá dé, ṣé Àyétòrò ló máa dé?

Ẹ̀rọ Gáàsì

Ọmọ Ìlàjẹ, mi ò lè jà ẹ́ níyàn lórí jíjó dànù. Ìtìjú ni. Àmọ́ tí wọ́n bá pa gbogbo gáàsì lónìí, Àyétòrò ò ní jáde látinú òkun, ilé ìwòsàn Ìkòròdú á sì ṣókùnkùn. Èyí tí wọ́n ń jó dànù yẹn ló yẹ kí wọ́n fi páìpù gbé wá síbi tí wọ́n ti máa fi ṣe iná.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún bàbá mi ní 1984 nìyẹn.

Má Tàn Wá

Ẹ̀yin méjèèjì ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa jẹnẹrétọ̀ mi. Ẹ tiẹ̀ gbọ́, mo ti ra sólà kékeré kan ní oṣù kẹta, pánẹ́ẹ̀lì méjì pẹ̀lú bátìrì, ó ń gbé klípà mẹ́ta àti fáànù. Kì í ṣe torí ojú ọjọ́ o! Epo ló wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ orúkọ mi mọ́ ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé.

Tíṣà Gíọ́gíráfì

Má Tàn Wá, o ti wọ ẹgbẹ́ náà tán 😂. Ìdí tí Texas ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìjẹ̀dé fi kún fún ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí nìyẹn náà, ìpínlẹ̀ yẹn ló ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, Republican ló sì ń ṣàkóso ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Owó ló bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dé

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Jámánì tó ṣí iléeṣẹ́ èédú, wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé Àyétòrò, wọ́n ò sọ nǹkan kan, wọ́n yí rédíò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ Texas yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe inú group. Mo tún rán an létí pé lọ́dún 2017 tí ìjì Harvey jà ní Houston, omi wọlé tiwọn náà, ìdí ni pé ó ní ìnṣọ́ránsì ló fi rí owó tún ilé ṣe, tó pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì àti fíríìjì. Kò fèsì títí di alẹ́. Àárọ̀ yìí mo rí alert, ó ti fi owó ránṣẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "fún sọ́kẹ́ẹ̀tì". Kò fi nǹkan míì kún un. Àbúrò náà ti ní òun á dá tiẹ̀, ó tún fi link kan sí i tí mi ò tíì ṣí.

Ẹlẹ́tíríkíà ń bọ̀ lọ́la láti wá gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ sókè. Ó ní òun á gbé e dé ìbàdí, màmá mi ní rárá, èjìká. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi Tíṣà: tá a bá fẹ́ kó lo ogún ọdún láì tún gbé e mọ́, báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?